Olóyè S. L. Edu: Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wá ibùgbé fún ẹyẹ l'Ékòó

Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Anthony, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, ìpínlẹ̀ Èkó, ariwo ló máa ń gba gbogbo ibẹ̀ kan. Kọ̀ndọ́kítọ̀ kan ń pe èrò Òjòtá, Kétu àti Mile 12 lọ́tùn-ún, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe Oshodi àti Ọbáléndé lósì. Ẹni tó ń sáré wá ọkọ̀ kì í ráyè wo òkè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbójú sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lè rí àwọn lékeléke tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, tí wọ́n ń fò kọjá lókè òrùlé lọ síhà ọ̀sà, níbi tí wọ́n fẹ́ sùn mọ́jú.

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Odò Ògùn ló gba ìhà Mile 12 àti Agboyi wọ inú ọ̀sà. Ibi tí odò bá ti pàdé ọ̀sà, àbàtà kì í jìnnà síbẹ̀, ibi tí àbàtà bá sì wà, ẹyẹ kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹyẹ ti wà ní àdúgbò náà kí títì ọlọ́dà tó dé.

Àwọn àgbàlagbà tó dàgbà sí abúlé ò ní í gbàgbé ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí wọ́n máa ń na ìka sókè sí lékeléke, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní èékánná funfun. Wọ́n mọ agbe tó ń gbé aró, wọ́n mọ àlùkò tó ń gbé osùn. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹ̀lulùú, wọ́n á ti máa kó aṣọ tí wọ́n sá wọlé nítorí òjò. Ọmọ tí wọ́n bí sí àárín ìgboro Èkó lónìí ò rí ìdajì èyí. Inú ìwé ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rí ẹyẹ, nítorí ilé ti gba ipò igi, yanrìn sì ti gba ipò àbàtà.

Síbẹ̀, ibì kan wà l'Ékòó tí bàbá tàbí ìyá lè mú ọmọ rẹ̀ lọ, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ẹyẹ inú igbó láìjẹ́ pé wọ́n há a mọ́ inú àgò. Ibẹ̀ ni Lekki Conservation Centre, lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin tó ṣe agbátẹrù iṣẹ́ tó bí ibẹ̀ kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọdẹ. Oníṣòwò ni. Orúkọ rẹ̀ ni Olóyè Shafi Lawal Edu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí S. L. Edu.

Etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí

Ọjọ́ keje, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1911 ni wọ́n bí Edu ní Ẹ̀pẹ́, sínú ìdílé Mùsùlùmí. Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà, ìtàn rẹ̀ sì lọ́ mọ́ ti Èkó. Ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ lọ fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó fi àgbá lé e kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní 1851. Ọdún 1862 ni Kòsọ́kọ́ tó padà sílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ ni wọ́n ti sọ Ẹ̀pẹ́ di ilé. Láti ìgbà náà ni Ìjẹ̀bú àti àwọn tó wá láti Èkó ti jọ ń gbé ìlú kan náà.

Ẹja pípa, ọkọ̀ ojú omi àti òwò ni wọ́n fi mọ Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá ti dé ọjà Olúwo mọ̀ pé kò sí irú ẹja tí kì í sí níbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ náà kì í sì í gbẹ́yìn lórí àtẹ. Ọmọ tó bá dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé inú omi àti inú igbó ni oúnjẹ ti ń wá. Kò sì ní í pẹ́ kó tó mọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà: ohun tí wọ́n bá ń kó lójoojúmọ́, tí wọn ò fi irú rẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó, yóò tán.

Ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí ti ìjọba tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ni Edu ti kàwé. Ìparí ọ̀rúndún 19 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí ló ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, onígbàgbọ́ ni yóò padà dé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yìí ló jẹ́ kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ìwé òyìnbó kà láìfi ẹ̀sìn bàbá wọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Edu.

Nígbà tó jáde, ó ṣe iṣẹ́ tíṣà fúngbà díẹ̀ kó tó kọrí sí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Ó bá ilé-iṣẹ́ Holland West Africa Line, tí ọkọ̀ wọn ń ti ilẹ̀ Hóláǹdì wá sí Èkó, ṣiṣẹ́. Ní èbúté, kò sí bí èèyàn ò ṣe ní í mọ ohun tó ń wọ ilẹ̀ wa àti ohun tó ń jáde. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀, ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀.

Òwò náà gbè é. Ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó tí wọ́n ń pè ní Lagos Chamber of Commerce. Nígbà tí Talabi Braithwaite àti àwọn mìíràn dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò African Alliance sílẹ̀ ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, Edu wà lára wọn. Ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ilé-iṣẹ́ epo BP wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, tí Mobolaji Johnson di gómìnà ológun àkọ́kọ́, Edu wà lára àwọn tó fi ṣe kọmíṣọ́nnà.

Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí, orúkọ rẹ̀ ì bá ṣì wà nínú ìwé ìtàn àwọn oníṣòwò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ dárúkọ rẹ̀ jù lọ lónìí, ìgbà tó ń súnmọ́ ẹni 70 ọdún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí owó epo ń gun ìlú

Àwọn tó gbọ́njú ní àwọn ọdún 1970 á rántí bí nǹkan ṣe rí. Owó epo rọ̀bì wọlé, ìjọba ń la títì, wọ́n ń kọ́ bíríìjì, sìmẹ́ńtì ń wọ Àpápá débi pé ọkọ̀ òkun ń tò lórí omi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ké igi. Ẹni tó bá ní ká fi igbó kan sílẹ̀ nítorí ẹyẹ, aláìríṣẹ́ṣe ni wọ́n á pè é. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, igbó ni ìyà, títì àti ilé ni ọ̀làjú.

Inú irú àsìkò yẹn ni Edu ti pe àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1980, Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n ń pè ní NCF ní ṣókí. Ọdún 1982 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti dáàbò bo igbó, omi, ẹranko àti ẹyẹ ilẹ̀ Nàìjíríà kí wọ́n má baà parun.

Ohun tó yẹ kéèyàn fọkàn sí ni irú àwọn tó bá a ṣe é. Edu kò lọ síbi tó jìnnà. Àárín àwọn oníṣòwò bíi tirẹ̀ ló ti wá èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn ni A. P. Leventis, ọmọ ìdílé oníṣòwò láti Cyprus tí orúkọ wọn wà lára ilé ìtajà káàkiri Nàìjíríà, tó sì fẹ́ràn ẹyẹ gan-an. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá owó, tí wọ́n sì mọ ìlẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n kàn nídìí iṣẹ́ ìjọba, ni Edu kó jọ sídìí iṣẹ́ tí kò ní èrè kankan nínú.

Láti ilẹ̀ òkèèrè náà, àwọn àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí na ọwọ́ sí wọn. NCF bá WWF ṣe. Ó tún di aṣojú àjọ BirdLife, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ káàkiri àgbáyé, ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Lekki

Lekki tí wọ́n ń dárúkọ báyìí kọ́ ni Lekki ìgbà yẹn. Omi òkun ní apá kan, ọ̀sà ní apá kejì, àbàtà àti igbó láàárín, abúlé àwọn apẹja níbí lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń la títì tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, gbogbo ẹni tó mọ òwò ilẹ̀ ló mọ̀ pé kò ní í pẹ́ kí ibẹ̀ di wúrà. Edu, tó jẹ́ oníṣòwò tó sì tún jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, kò lè ṣàìmọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni NCF ti gba ilẹ̀, kì í ṣe láti tà, bí kò ṣe láti fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Hẹ́kítà 78 ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gé ilẹ̀ náà sí pílọ́ọ̀tì tí àwọn ará Èkó ń tà, ìyẹn 60 lẹ́sẹ̀ 120, tí kò yọ ojú títì kúrò, pílọ́ọ̀tì tí yóò rí níbẹ̀ á lé ní 1,000. Kí onílé àti agbẹjọ́rò ilẹ̀ máa ṣírò iye owó tó jẹ́. Ọdún 1990 ni ibẹ̀ di Lekki Conservation Centre. Owó ilé-iṣẹ́ epo Chevron ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọ́fíìsì ńlá Chevron sì wà ní òdìkejì títì.

Ọdún 1990 kan náà ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ní oṣù keje, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Raji Rasaki wó Maroko, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló di aláìnílé láàárín ọjọ́ díẹ̀. NCF kọ́ ló wó Maroko, ọ̀rọ̀ ẹyẹ kọ́ ló sì fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á rí bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe gbóná tó. Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni, bí ẹnì kan bá bèèrè ìdí tí wọ́n fi ní láti fi hẹ́kítà 78 sílẹ̀ fún ẹyẹ àti ọ̀bọ ní ìlú tí ọmọ èèyàn ò ti rí ibi fi orí lé.

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú omi. Àbàtà ni kànrìnkàn tí Ọlọ́run fi sí etí ọ̀sà. Bí òjò bá rọ̀, òun ló ń fa omi mu, tó ń dá a dúró, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fi yanrìn dí i, omi náà kò ní í torí bẹ́ẹ̀ ṣàìwá, ojú títì àti yàrá àwọn èèyàn ni yóò gbà lọ. Àwọn ará Kétu, Mile 12 àti Agboyi kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún àwọn, nítorí wọ́n mọ ohun tí ojú ń rí bí odò Ògùn bá kún. Àwọn tó sì kọ́ ilé olówó iyebíye sí Lekki lẹ́yìn ìgbà náà ti ń rí i báyìí, bí òjò bá ti rọ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹyẹ, èèyàn náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wo ẹyẹ níbẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ti Anthony lọ síbẹ̀ lè wọ ọkọ̀ Ọbáléndé gba orí bíríìjì Third Mainland, kó sì tún wọ ọkọ̀ Ajah níbẹ̀. Kó ní kí wọ́n já òun sílẹ̀ ní Chevron. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, nítorí bí oòrùn bá ti mú, ẹyẹ á ti wọ abẹ́ ewé lọ.

Afárá onípákó ni wọ́n fi ń rìn lórí àbàtà níbẹ̀. Ọ̀bọ ló máa kọ́kọ́ yọjú, nítorí wọn kì í bẹ̀rù èèyàn. Awọ́nríwọ́n ń wọ́ kiri nínú koríko. Ẹyẹ ní tirẹ̀ gba sùúrù. Etí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wá a, kó tó di ojú. Ilé kékeré onípákó kan wà tí wọ́n kọ́ sí etí omi, tí èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kí ẹyẹ má rí i. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ lè rí ẹyẹ tó ń já ṣòòròṣò sínú omi láti gbé ẹja, àti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni rìn lórí ẹní. Ẹ̀gà á máa pariwo níbi tó ti ń hun ilé rẹ̀. Ní 2015, wọ́n tún ṣe afárá kan tó gùn ní mítà 401, tó gba òkè orí igi kọjá, débi pé ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ á máa wo ẹyẹ láti òkè wá sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ òyìnbó, wíwo ẹyẹ ti di eré ìnàjú tí tọmọdé tàgbà ń ṣe. Bí òtútù bá mú, tí yìnyín bo ilẹ̀, tí kòkòrò àti èso kò sí mọ́, wọ́n á so ohun èlò kékeré kan mọ́ igi ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á kó ọkà, ẹ̀pà àti ọ̀rá sínú rẹ̀, wọ́n á wá jókòó sẹ́nu fèrèsé láti wo àwọn ẹyẹ tó ń wá jẹun. Àánú ni wọ́n ń ṣe fún ẹyẹ, ìgbádùn sì ni fún àwọn náà.

Ilẹ̀ wa kò ní yìnyín. Ẹyẹ tiwa kò retí kí ẹnikẹ́ni gbé oúnjẹ kọ́ igi fún un, igi náà gan-an ló ń wá. Èyí ni iṣẹ́ tí Edu ṣe yé sí.

Ohun mìíràn tún wà tó so ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ òyìnbó pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ìlú òtútù ló ń dúró jẹ oúnjẹ ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí ìgbà òtútù bá ti ń bọ̀, á gbéra, wọ́n á fò kọjá òkun àti aṣálẹ̀ Sàhárà, ilẹ̀ wa ni wọ́n á sì wá sí. Àlejò ọyẹ́ ni wọ́n. Irú alápàńdẹ̀dẹ̀ kan wà lára wọn. Ní Boje, ní ìjọba ìbílẹ̀ Boki ní ìpínlẹ̀ Cross River, ó lé ní mílíọ̀nù kan wọn tó máa ń kóra jọ sùn lórí òkè kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará abúlé fi ń mú wọn jẹ, títí àwọn tó ń dáàbò bo ẹyẹ fi dé tí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá ẹran mìíràn sin. Ẹyẹ tí ọmọdé ń wò ní ẹ̀yìnkùlé ìlú òyìnbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, bó bá kú sí ọwọ́ wa, kò ní í padà sọ́dọ̀ wọn.

Kì í ṣe Lekki nìkan

Nígbà ayé Edu, iṣẹ́ NCF kọjá Èkó. Ní 1987, wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè láti dáàbò bo àbàtà Hadejia àti Nguru ní òkè ọya, níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ẹyẹ omi ti ń lo ìgbà ọyẹ́. Wọ́n bá wọn tọ́jú igbó Okomu ní ìpínlẹ̀ Edo, tó padà di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1999. Ọgbà ìjọba àpapọ̀ ti Cross River, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, náà ní ọwọ́ wọn nínú. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa igbó àti ẹranko sílẹ̀.

Ìjọba náà kò jókòó lásán. Ní 1985, wọ́n ṣe òfin tó ka òwò àwọn ẹranko àti ẹyẹ tó ń parun léèwọ̀. Ọdún 1988 ni àwọn kan kó pàǹtírí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá dà sí Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Ọ̀rọ̀ náà mi gbogbo orílẹ̀-èdè, ọdún yẹn náà sì ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká. Ohun tí àwọn èèyàn ti ń fi Edu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ sí lọ́jọ́ kìíní wá di ọ̀rọ̀ ìjọba.

Kì í ṣe gbogbo ogun náà ni wọ́n ṣẹ́gun. Odídẹrẹ́ tí wọ́n fi ń ki Ìwó, tí ìkóóde rẹ̀ kì í wọ́n níbi ìwúyè ọba, ti di ohun tí wọ́n ń wá tì nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn apẹyẹ ti kó wọn tán fún àwọn tó ń sìn wọ́n sínú ilé nílẹ̀ òkèèrè. Ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé tó fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú odídẹrẹ́ inú igbó tà mọ́. Igún, tó máa ń kún orí òrùlé ilé ìpẹran láyé àtijọ́, èèyàn lè lo ọdún kan l'Ékòó lónìí kó má fojú kàn án. Ẹyẹ dúdú olórí pupa kan tún wà, tí òyìnbó onímọ̀ kan, J. H. Elgood, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1958 nígbà tó ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn. Orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ẹyẹ náà, gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ní gbogbo ayé. Bí igbó kéékèèké tó kù níbẹ̀ bá tán, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè lọ mú irú rẹ̀ wá.

Ìkẹyìn rẹ̀

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002 ni Olóyè Edu dágbére fáyé, ọjọ́ kejì tó pé ẹni ọdún 91. Ó ti lo bí ọdún méjìlélógún nídìí iṣẹ́ àjọ tó dá sílẹ̀ nígbà tó ti darúgbó. Ìgbà tó lọ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹyẹ nìkan, èyí tí wọ́n fi orúkọ A. P. Leventis sọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́bàá Jos. Láti ìgbà náà ni ọmọ Nàìjíríà ti ń di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹyẹ ní ilẹ̀ baba wọn, láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ rìnrìn àjò.

NCF kò gbàgbé ẹni tó dá wọn sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrántí ní orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ya owó kan sọ́tọ̀, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń ṣe ìwádìí nípa igbó àti ẹranko.

Ṣùgbọ́n ìrántí tó tóbi jù ni ilẹ̀ hẹ́kítà 78 yẹn. Ilé ti yí i ká báyìí. Ibi tó jẹ́ àbàtà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ ti di ẹ̀sìtéètì. Ẹni tó bá dúró lórí afárá òkè igi, tó sì wo iwájú, òrùlé ni yóò máa rí títí dé ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Ilẹ̀ náà kò lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ìjọba kan lè dé lọ́la tí yóò ní títì gbọ́dọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, oníṣòwò kan sì lè ní òun nílò igun kékeré kan péré nínú rẹ̀. Bí àwọn tó wà láyé kò bá ka ohun tí Edu fi sílẹ̀ sí ogún, wọ́n á kà á sí pílọ́ọ̀tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní abúlé, tí igi ìrókò ṣì wà lẹ́yìn ilé yín, tí àbàtà ṣì wà ní ìsàlẹ̀ oko yín, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni Lekki náà ṣe wà ní 1980. Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà yẹn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn òbí yóò máa sanwó ìwọlé kí ọmọ wọn tó lè rí igbó.

Ní Anthony, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, lékeléke á tún máa kọjá lọ síhà ọ̀sà. Ariwo kọ̀ndọ́kítọ̀ kò dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí ibi tí wọ́n lè sùn sí ṣì kù.